Bí íápíìsì yín bá ń hó ṣíìì, ó lè má jẹ́ òun ló bàjẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lùlù, tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń béèrè ohun tá a fẹ́ẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí jù. Wọ́n á ní àwọn fowó ńlá ra íápíìsì tó ń wọnú etí ṣinṣin, irú èyí táwọn olórin ń kì bọ etí lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n báwọn ṣe kì í bọ fóònù tàbí míṣà báyìí, ariwo ṣíìì làwọn ń gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń dín ẹja nílé kejì. Àwọn mìíràn á ní ohùn rẹ̀ ń le koko, báàsì sì sá lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé báwọn bá fa fólúùmù wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ló fẹ́ẹ́ fọ́ àwọn létí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé íápíìsì náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn ní Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n á ní ayédèrú ló tà fún àwọn. Ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, a ò lè sẹ́ ẹ. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, íápíìsì ò ṣẹ̀ rárá, ẹ̀rọ tí wọ́n kì í bọ̀ ni ò bá a mu. Ó dà bí ìgbà tí ìyá kan fẹ́ẹ́ fi ìgbákọ bu oògùn fún ọmọ ọwọ́. Oògùn náà dáa, kò sóhun tó ṣe ọmọ lẹ́nu, ìgbákọ ló tóbi jù. Tó bá sì jẹ́ pé owó nìkan ló máa ṣòfò níbẹ̀, a ò bá má fi ojú ewé yìí sọ ọ́. Etí wà ńbẹ̀, etí kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní Íkẹjà.

Ẹ jẹ́ kí n yáa là á yé yín pé ọ̀rọ̀ íápíìsì oníwáyà là ń sọ. Èyí tí kò ní wáyà, tó ń lo Bluetooth, inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti fi ańpílífáyà tirẹ̀ sí, àwọn tó ṣe é ló ti bá yín wá èyí tó bá a mu. Ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ò sì ní láti dààmú lórí ẹ̀. Oníwáyà ni tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀yin lẹ ó wá ọkọ fún un.

Nǹkan yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1995, Jerry Harvey tó ń bá ẹgbẹ́ olórin Van Halen l'Ámẹ́ríkà tọ́jú ohùn ló ṣe irú ẹ̀ fún Alex Van Halen, onílù wọn, nítorí ariwo tó wà lórí ìtàgé. Onílù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, kò sì yà mí lẹ́nu pé àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ gbà á mọ́ra níbí náà.

Ó yá, ẹ gbé páálí íápíìsì yín, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Nọ́ńbà méjì lẹ ó wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òòmù, tí àmì rẹ̀ dà bíi bàtà ẹṣin, Ω. Òun ló ń sọ bí íápíìsì náà ṣe ń dènà iná tó fẹ́ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá tó. Ìkejì ni dẹ́síbẹ̀lì, tí wọ́n máa ń kọ ní dB, tó ń sọ bí ariwo rẹ̀ ṣe máa tó téèyàn bá fún un ní mílíwáàtì 1 péré, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 wáàtì kan. Ẹ kíyè sára níbí: àwọn iléeṣẹ́ kan kì í lo mílíwáàtì, fólítì 1 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tiwọn á sì ga ju tàwọn tó kù lọ láìjẹ́ pé íápíìsì wọn fi ohunkóhun yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ fi méjì wéra, ẹ rí i pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan táwọn olórin mọ̀ dáadáa, Shure SE846. Òòmù 9 ni, dẹ́síbẹ̀lì 114 ni wọ́n sì kọ sí i fún mílíwáàtì kan. Béèyàn bá ṣírò ẹ̀, iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì kan ti tó láti gbé e dé 114 yẹn. Fóònù tó bá lè gbé ìdajì fólítì jáde, tí wọ́n bá ṣí i tán pátápátá, nǹkan bíi 128 ló máa jẹ́ lórí ìṣirò. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ orin. Nísinsìnyí, ẹ mú Sennheiser HD 600, èyí ńlá tó ń bo gbogbo etí, òòmù 300 ni tiẹ̀. Ó fẹ́ iná tó lágbára kó tó gbóhùn jáde dáadáa, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń ra ańpílífáyà ńlá fún un. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ẹni tó ní íápíìsì òòmù 9 á rí ańpílífáyà ńlá yẹn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní èyí ló dáa jù, á sì lọ ra irú ẹ̀. Lójú tèmi, íápíìsì tí òòmù rẹ̀ bá ti kéré sí 20, tí dẹ́síbẹ̀lì rẹ̀ sì lé ní 110 fún mílíwáàtì kan, bí ẹyin ni kẹ́ ẹ ṣe máa mú un.

Ṣíìì tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ tí kì í kùn. Ańpílífáyà tó dákẹ́ jù lọ náà ń kùn díẹ̀ nínú ara rẹ̀, kódà nígbà tẹ́nikẹ́ni ò bá kọrin. Tí ìkùn yẹn bá jẹ́ microvolt 10, ìyẹn ìdá kan nínú 100,000 fólítì kan, ẹni tó gbé HD 600 sétí ò ní í gbọ́ ohunkóhun. Àmọ́ lórí íápíìsì òòmù 9 tá a sọ yẹn, ìkùn kan náà á di nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 34, ẹni tó bá wà nínú yàrá tó dákẹ́ á sì gbọ́ ọ ketekete. Ẹ̀rọ ò yí padà, ìkùn ò sì lé sí i. Ohun tó ń gbọ́ ọ ló mú jù.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè gbà mọ ibi tí ariwo ti ń wá kẹ́ ẹ tó máa bá ọlọ́jà jà. Ẹ tan orin kan sílẹ̀ o, torí àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé tí orin ò bá ti sí, wọ́n á pa ańpílífáyà inú wọn, ẹ ó wá rò pé kò sí wàhálà. Bí orin bá ti ń lọ, ẹ fa fólúùmù wálẹ̀ dé ibi tó kéré jù, àmọ́ kó má dé òdo. Tí ṣíìì náà bá wà bó ṣe wà, tí kò gòkè, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ló ń kùn. Tó bá ń bá fólúùmù gòkè, tó sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀, inú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló wà, tàbí ara míkírófóònù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí míṣà láìsẹ́ni tó ń lò ó. Ìyẹn ò kan íápíìsì. Èyí tó bá ń kùn hùùù bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tó wà lókèèrè, wáyà ilẹ̀ táwọn oníná ń pè ní earth ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò.

Báàsì tó sá lọ ló ń rú àwọn èèyàn lójú jù, òun ni mo sì fẹ́ẹ́ fara balẹ̀ sọ. Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé yín tí NEPA bá mú iná wá, tí ará ilé kejì wá ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ iná. Gílóòbù yín á ṣókùnkùn díẹ̀. Kí ló fà á? Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti ara òpó tínrín ju ẹrù tí wọ́n dì lé e lọ. Bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i niná tó ń délé ń dín kù sí i. Ihò tẹ́ ẹ̀ ń kì íápíìsì bọ̀ lára fóònù tàbí míṣà náà ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ nínú. Òòmù ni wọ́n fi ń wọn òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í kọ ọ́ sára páálí, ohun tó sì máa ń bí mi nínú nìyẹn, torí òun gan-an ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó sanwó.

Íápíìsì tí wọ́n to ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀ kì í ní òòmù kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kọ sára páálí, ohùn kan péré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé ó jẹ́ 9 níbi báàsì, tó sì gòkè dé 30 níbi ohùn tín-ín-rín. Tẹ́ ẹ bá wá kì í bọ ihò tó ní òòmù 10, ìdá 47 nínú 100 iná tó ń bọ̀ ló máa dé ibi báàsì, ìdá 75 ló máa dé ibi ohùn tín-ín-rín. Ìyàtọ̀ dẹ́síbẹ̀lì 4 nìyẹn, etí ẹnikẹ́ni á mọ̀ ọ́n. Báàsì ti di gílóòbù ọjọ́ áyọ́ọ̀nù. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, ẹ kì í bọ ihò tó ní òòmù 1, ìyàtọ̀ náà ò ní í tó dẹ́síbẹ̀lì kan mọ́. Íápíìsì kan náà, orin kan náà, ihò ló yàtọ̀. Fún àwọn mìíràn, òdìkejì ló máa ń rí, báàsì á wú, ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ á sì máa dún bíi ti ẹni tí aṣọ bò lẹ́nu.

Ìlànà táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni pé òòmù ihò kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ òòmù íápíìsì lọ. Tí íápíìsì yín bá jẹ́ 32, kí ihò má ju 4 lọ. Tó bá jẹ́ 16, kó má ju 2. Fún èyí tó jẹ́ 9, òòmù 1 ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹ ṣọ́ra fáwọn ẹ̀rọ àtijọ́, torí ìlànà àgbáyé kan tí wọ́n ṣe ní 1996, IEC 61938, fọwọ́ sí ihò tó ní òòmù 120, ẹ sì ṣì máa rí àwọn míṣà àti ańpílífáyà tí òòmù ihò wọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Wọn ò dáa fún íápíìsì yín. Íápíìsì tó jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dynamic, kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, torí òòmù tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó jẹ́ míṣà àtijọ́ nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní fi máa lọ ra olówó ńlá ẹlẹ́rọ mẹ́rin, nígbà tí ẹlẹ́rọ kan tí owó rẹ̀ ò tó ìdajì máa bá a kọrin dáadáa.

Ti fólúùmù ò gùn lọ títí. Ẹ̀rọ alágbára máa ń jẹ́ kó jẹ́ pé ìdí kọ́ńkọ́ nìkan lẹ lè lò, èyí tẹ́ ẹ yí lé e díẹ̀, ó ti pariwo jù. Ibi ìdí kọ́ńkọ́ yẹn gan-an ni etí kan ti máa ń gbọ́ ju ìkejì lọ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe pé etí yín ti dí.

Kí wá ni kéèyàn ṣe? Tó bá jẹ́ fóònù lẹ̀ ń lò, wàhálà yín kéré. Àtìgbà tí Apple ti yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7 ní 2016 làwọn iléeṣẹ́ tó kù ti ń yọ tiwọn, wáyà kúkurú tó ń lọ sẹ́nu USB-C lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lò báyìí. Inú wáyà kúkurú yẹn ni ańpílífáyà wà. Èyí tí Apple ṣe fún USB-C kì í ṣe olówó gọbọi, òòmù ihò rẹ̀ ò sì tó 1. Àwọn tó ń lò ó lórí fóònù Android máa ń ráhùn pé ohùn rẹ̀ kéré. Fún íápíìsì tá à ń sọ yìí, ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí yẹn lèrè tiyín.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì gain, tí wọ́n kọ low àti high sí, orí low ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ má sì gbé e kúrò ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ò lè pààrọ̀ ni, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì sáàárín íápíìsì àti ihò, tó máa ń dín ohùn kù. iFi iEMatch jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dín orin àti ìkùn kù pọ̀. Ẹ ó wá gbé fólúùmù sókè láti dá orin padà síbi tó wà, àmọ́ ìkùn ẹ̀rọ ò bá fólúùmù gòkè, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Bí ṣíìì ṣe máa rá nìyẹn. Kọ́ńkọ́ á sì kúrò nídìí, etí méjèèjì á máa gbọ́ dọ́gba. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wáyà oní-fólúùmù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìdènà kan ṣoṣo ni wọ́n jó mọ́ ojú wáyà, òòmù ló ń bù kún òòmù ihò, báàsì tẹ́ ẹ̀ ń wá á tún sá jìnnà sí i. Ẹ béèrè èyí tó ní ìdènà méjì, ọ̀kan lójú wáyà, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ íápíìsì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra íápíìsì, ẹ gbé fóònù tiyín dání. Ẹ má fi ti ọlọ́jà dán an wò.

Ó wá ku etí fúnra ẹ̀. Inú etí lọ́hùn-ún, àwọn irun tín-tìn-tín kan wà tó ń gba ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo máa ń pa wọ́n, èyí tó bá sì ti kú kì í hù padà lára ọmọ èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gòkè dé 90, wákàtí 4 péré ló kù fún ọ̀sẹ̀ náà. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 20 ni. Fáwọn ọmọdé, 75 ni fún wákàtí 40. Ẹ wá ronú onílù tó bẹ̀rẹ̀ ìyìn láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó tún wá sí àdúrà òru ọjọ́ Ẹtì.

WHO náà ló ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí fólúùmù má ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ ẹ má fi í tan ara yín jẹ lórí íápíìsì tí agbára kékeré ń mú pariwo. Ìdá 60 tó jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lórí íápíìsì tó bá fóònù wá lè jẹ́ ìparun lórí èyí tó jẹ́ òòmù 9. Etí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú.

Ẹ̀yin ìyá, tiyín rèé. Ẹ máa ń sọ pé, “Mo jókòó ti ọmọ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan látinú ohun tó kì bọ etí, a jẹ́ pé kò pariwo.” Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ fún irú èyí tó ń kọ́ sẹ́nu etí lásán. Èyí tó wọnú ṣinṣin, ó ti ilẹ̀kùn pa, ohùn ò lè jáde wá bá yín. Ọmọ lè máa gbọ́ 100 kẹ́ ẹ má gbọ́ ohunkóhun. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láì fọwọ́ kan fólúùmù, kẹ́ ẹ sì gbé e sún mọ́ etí yín díẹ̀díẹ̀, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ lójijì.

Ṣinṣin tó ṣinṣin yẹn náà ló ní àǹfààní. Rọ́bà tàbí fóòmù tó bá bá ihò etí mu ń dá ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ìlù dúró níta, olórin á lè gbọ́ ara rẹ̀ láìgbé fólúùmù sókè. Rọ́bà tó bá tóbi tàbí tó kéré jù ló ń mú kí báàsì sọnù, tónítọ̀hún á wá máa ṣí fólúùmù. Nítorí náà, ẹ dán gbogbo rọ́bà inú páálí wò kẹ́ ẹ tó dá íápíìsì lẹ́bi. Ẹ máa fọ rọ́bà náà, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára íápíìsì kí omi tó kàn án, ẹ má sì yá ẹlòmíràn. Tí etí kan bá ń gbọ́ díẹ̀, ẹ wo ẹnu íápíìsì, ìdọ̀tí etí lè ti dí i. Tó bá jẹ́ inú etí yín ló dí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ìyẹ́ adìẹ, ìdérí bírò tàbí kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́.

Onílù tó bá fẹ́ẹ́ kì í bọ míṣà, kó kọ́kọ́ fa kọ́ńkọ́ wálẹ̀ dé òdo, kó kì wáyà bọ̀ ọ́, kó tan ẹ̀rọ, kó tó wá fi sétí, kó sì máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó wà nídìí míṣà náà, tí míṣà rẹ̀ bá ní limiter, kó tan án sójú ọ̀nà tó ń lọ sétí wọn, torí míkírófóònù kan tó bá ṣubú lulẹ̀ lè ṣe jàǹbá láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Tẹ́ ẹ bá yọ íápíìsì tán tí etí ń hó gooro, tàbí tó dà bíi pé òwú wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má fi í padà lọ́jọ́ yẹn. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò lọ, tàbí tí etí kan ṣàdédé má gbọ́ràn mọ́, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa ríṣẹ́ ṣe tán, ẹ má sì da epo gbígbóná sí i. Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n wà ní UCH n'Íbàdàn, wọ́n wà ní LUTH l'Ékòó, tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé íápíìsì lẹ̀ ń lò, wákàtí mélòó lóòjọ́, àti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.